Ojú Sam Tún Hàn: Casablanca Lórí Àwo Àkọ̀tun

Ní ìparí ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gbé fíìmù Casablanca jáde ní àkọ̀tun lórí àwo 4K, láti fi ṣe àjọ̀dún ọgọ́rin ọdún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ fíìmù náà, yálà nílé-ẹ̀kọ́ tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo kọ́kọ́ wò ó, lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti lò gbó. Ohun tí ó kù lọ́kàn mi nínú rẹ̀ ni ojú Ingrid Bergman tí ó ń dán bí òṣùpá, fìlà àti ẹ̀wù òjò Humphrey Bogart, àti orin kan tí adúláwọ̀ kan kọ nídìí dùùrù. Orin ọkùnrin náà ni mo rántí. N kò rántí ojú rẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì wa yẹn, eyín rẹ̀ àti funfun ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni ó hàn. Ìyókù ti di òkùnkùn.

Nínú àwo tuntun yìí, mo rí ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ohun tí mo rí lójú náà yí èrò mi padà nípa fíìmù yìí, ó sì yí i padà nípa ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe.

Kí n kọ́kọ́ rán yín létí ìtàn náà ní ṣókí. Ogun Àgbáyé Kejì ni. Jámánì ti gba Paris. Àwọn tí ń sá àsálà ń gba Marseille lọ sí Oran, wọ́n ń ti Oran dé Casablanca ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí ìjọba Vichy ti ń ṣe àkóso. Ibẹ̀ ni wọ́n ń há sí, tí wọ́n ń wá ìwé ìrìnnà tí yóò gbé wọn dé Lisbon, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà. Rick, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò fẹ́ dá sí ọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́, ní ilé ọtí kan nílùú náà. Sam ni olórin rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ilsa, obìnrin tí ó fi Rick sílẹ̀ ní Paris láìsọ ìdí, wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Victor Laszlo, ẹni tí àwọn Násì ń lépa. Ìwé ìrìnnà méjì ti bọ́ sọ́wọ́ Rick. Ta ni yóò kó wọn fún? Michael Curtiz ni ó darí eré náà. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1942, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta ní 1944: ti fíìmù tí ó dára jù lọ, ti olùdarí, àti ti àkọsílẹ̀ eré.

Ìyá fíìmù àti àwọn ọmọ rẹ̀

Ẹni tí yóò mọyì àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó bàjẹ́. Fíìmù ayé ìgbà náà jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi hóró fàdákà kéékèèké kùn lára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án ni fàdákà náà ti ń dúdú. Èyí tí ó bá gba inú kámẹ́rà kọjá, èyí tí a ń pè ní négatif ní èdè Faransé, ni ìyá. Láti ara ìyá ni a ti ń mú ọmọ jáde, a sì ń ti ara ọmọ mú ọmọ-ọmọ jáde, èyí tí a ń kó lọ sí ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ń pàdánù ohun kan. Ohun tí ó mọ́lẹ̀ a máa mọ́lẹ̀ jù, ohun tí ó ṣókùnkùn a máa ṣókùnkùn sí i, gbogbo àwọ̀ eérú tí ó wà láàrin méjèèjì a sì máa pòórá díẹ̀díẹ̀. Bí a bá wá da irú ọmọ-ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, àdánù náà a tún pọ̀ sí i.

Nínú àwòrán tí ó ṣòfò báyìí, ta ni ó kọ́kọ́ ń fara gbá a? Ẹni tí ara rẹ̀ dúdú ni, bí ó bá jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ojú Bergman lè pàdánù ìdajì àwọ̀ rẹ̀, kí a sì tún mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Bí ojú Sam bá pàdánù ìdajì, kò kù sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọ̀ràn àtúnṣe fíìmù jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ike tí wọ́n ń lò nígbà náà, tí a ń pè ní nitrate, tètè ń gbiná, ó sì ń jẹrà bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn onífíìmù tó fi í sílẹ̀. Fún àwo yìí, àwọn oníṣẹ́ Warner padà sí nitrate tí ó dára jù lọ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù. Wọ́n gba àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n 4K, wọ́n nu èérí àti ojú ìha kúrò, wọ́n sì tún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ tò. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 102 tí fíìmù náà gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 147,000 àwòrán.

Ìdánwò ńlá kan wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ òde òní lè nu àwòrán títí awọ ènìyàn yóò fi máa dán bí awo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹwòran sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n rò pé àwọn hóró kéékèèké tí ń mì lójú àwòrán jẹ́ àbùkù. Wọn kì í ṣe àbùkù. Hóró fàdákà wọ̀nyẹn ni ara fíìmù. Ẹni tí ó bá nù wọ́n nù ti bó fíìmù náà láwọ ni. Àwọn tí ó ṣe àwo yìí kò ṣubú sínú ìdánwò náà. Hóró náà wà níbẹ̀, ó tẹ́, ó sì dọ́gba.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ dá padà

Arthur Edeson ni ó ya fíìmù náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì yẹ ní wíwò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Ilsa ń gbọ́ orin As Time Goes By, tí Herman Hupfeld kọ ní 1931, kámẹ́rà dúró pẹ́ lórí ojú rẹ̀. Ní àtijọ́, ojú tí ó rẹwà lásán ni mo rí. Nísinsìnyí a rí omi tí ń kó jọ sí ẹyinjú rẹ̀ kí ó tó di pé ó mọ̀ pé òun ń sunkún. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Paris, níbi tí òjò ti ń rọ̀, tí Rick sì ń ka lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ tí Sam mú wá fún un, a rí i bí òjò ti ń fọ yíǹkì lórí ìwé, títí ọ̀rọ̀ obìnrin náà fi ṣàn lọ.

Nígbà tí gbogbo ilé ọtí dìde, tí wọ́n fi La Marseillaise bo orin àwọn ọmọ ogun Jámánì mọ́lẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan tí ó wà lẹ́yìn ni ó ń sọ ìtàn tirẹ̀. Madeleine Lebeau, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, sá kúrò ní Faransé ní 1940. Marcel Dalio, tí ó ṣe òṣìṣẹ́ ìdí tábìlì tẹ́tẹ́, sá kúrò níbẹ̀ bákan náà. Conrad Veidt, tí ó ṣe ọ̀gágun Násì, ọmọ Jámánì ni, òun fúnra rẹ̀ sì sá fún àwọn Násì pẹ̀lú aya rẹ̀ tí ó jẹ́ Júù. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí, tí ó sì wá rí ojú wọn kedere, yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo omijé tí ó wà nínú ìran náà ni eré.

Àwọn ibì kan wà tí àwòrán náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìran kan bá ti ń rá wọnú ìran mìíràn, a óò rí i pé hóró a pọ̀ lójijì, àwòrán a sì ki. Ẹ má ṣe dá àwo lẹ́bi. Ní ayé ìgbà náà, àdàkọ ni wọ́n fi ń ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọmọ-ọmọ ni ibẹ̀ jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà ni àwọn àwòrán Paris tí wọ́n yá láti inú fíìmù mìíràn. Ọkọ̀ òfurufú inú kùrukùru ní ìparí eré pàápàá, àwòṣe kékeré ni wọ́n fi ṣe é nínú ilé ìyafíìmù ní Burbank. Kùrukùru náà ni ó ń bo àṣírí. Àtúnṣe tí ó mọ ojúṣe rẹ̀ fi kùrukùru náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Àgbàlagbà tí wọ́n pè ní ọmọdé

Jẹ́ kí n wá padà sí ọ̀dọ̀ Sam. Dooley Wilson ni ó ṣe é. Kò mọ dùùrù tẹ̀. Onílù àti akọrin ni, ẹlòmíràn ni ó sì ń tẹ dùùrù náà níbi tí kámẹ́rà kò dé. Ní àwọn ọdún 1920, Wilson ti kó ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ lọ ṣeré ní Yúróòpù, ó sì dé Paris gidi, kì í ṣe Paris oníkáádì ti Hollywood.

Ẹ wo ìgbà tí Ilsa ní kí ó tẹ orin àtijọ́ náà. Sam mọ̀ pé ewu ni orin yẹn. Ó ní òun kò rántí rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ọ̀rẹ́ ni. Nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni a fi ń fura. Nínú àwo yìí, a rí irọ́ náà lójú rẹ̀, bí ojú ọ̀hún kò ti fẹ́ bá ti obìnrin náà ṣe mẹ́rin. Ẹ tún wo òru ọjọ́ náà, tí Rick ń mutí nínú òkùnkùn, tí iná pápákọ̀ òfurufú ń kọjá lójú fèrèsé. Rick ní kí Sam máa lọ sùn; Sam kò lọ. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọ mọ́tò, kí wọ́n lọ pẹja níbòmíràn títí obìnrin náà yóò fi kúrò nílùú. Ìmọ̀ràn àgbà ni. Nísinsìnyí tí ìmọ́lẹ̀ ti padà sójú rẹ̀, a rí i pé àgbà ni ó ń gbà á: a rí ìlà iwájú orí rẹ̀, a rí àpò abẹ́ ojú rẹ̀, a rí àárẹ̀ ẹni tí ó ti rin ìrìn àjò púpọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti gún mi lọ́kàn. Nígbà tí Ilsa kọ́kọ́ béèrè Sam lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá Renault, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ọmọdékùnrin ni ó fi pè é. Ọdún 1886 ni a bí Dooley Wilson ní Texas. 1915 ni a bí Ingrid Bergman. Nígbà tí wọ́n ń ya eré náà, ẹni ọdún 56 ni ọkùnrin náà, obìnrin náà kò sì tíì pé ọdún 27. Ó tó bí i lọ́mọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba etí mi kọjá bí afẹ́fẹ́. Kí ló dé? Nítorí pé òkùnkùn ti kó ọjọ́ orí Sam lọ. Ẹni tí kò lójú kò lè lọ́jọ́ orí. Ìgbà tí wọ́n dá ojú rẹ̀ padà fún un ni etí mi tó là. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí ojú àgbàlagbà yẹn, tí yóò sì gbọ́ kí ẹni tí kò tó ọmọ rẹ̀ pè é lọ́mọdé, tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ fíìmù náà. Ó bọ̀wọ̀ fún Sam ju bí ọ̀pọ̀ eré Hollywood ìgbà náà ti ń bọ̀wọ̀ fún adúláwọ̀ lọ. Nígbà tí Ferrari, oníṣòwò ọjà dúdú, fẹ́ ra Sam lọ́wọ́ Rick, Rick fèsì pé òun kì í ra ènìyàn, òun kì í sì í tà á. Nígbà tí ó ń ta ilé ọtí rẹ̀ níkẹyìn, ó rí i dájú pé ìpín Sam nínú èrè kò yẹ̀. Ní Paris, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ mutí pọ̀ ni. Síbẹ̀, Sam a máa fi ọ̀wọ̀ sára orúkọ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Sam lásán ni gbogbo ènìyàn ń pè é. A kò mọ ilé rẹ̀, a kò mọ ará rẹ̀. Òun náà sá fún Násì kúrò ní Paris bí àwọn yòókù. Gbogbo ìtàn yìí dá lórí ìwé ìrìnnà méjì, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó béèrè bóyá Sam náà fẹ́ lọ. Nígbà tí a fi máa dé pápákọ̀ òfurufú, a kò rí i mọ́.

Àtúnṣe kì í ṣe àtúnkọ

Ẹnì kan lè sọ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àbùkù yẹn kúrò, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń nu èérí. Rárá o. Èérí jẹ́ ohun tí ọjọ́ kó lé fíìmù lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ohun tí àwọn tí ó ṣe é fi sínú rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ni láti mú ti àkọ́kọ́ kúrò, kí ó sì fi ti ìkejì sílẹ̀ fún wa láti dájọ́.

Casablanca fúnra rẹ̀ ti jìyà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1952, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, wọ́n gé nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kúrò, gbogbo Násì pòórá, Laszlo tí ó ń bá Násì jà sì di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Norway. Ọdún 1975 ni àwọn ará Jámánì tó rí odidi eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Ní 1988, àwọn mìíràn kun gbogbo rẹ̀ láwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, bí ẹni pé dúdú àti funfun jẹ́ àìsàn tí ó nílò oògùn. Ekíní fi ìtìjú pamọ́, èkejì fi ọ̀ṣọ́ bo iṣẹ́ Edeson. Àwo ọdún 2022 kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ohun tí mo sì yìn ín fún jù lọ nìyẹn.

Vichy ní Casablanca, Vichy ní Àjàṣẹ́

Ní ìparí eré, Renault gbé ìgò omi kan, ó ka orúkọ Vichy lára rẹ̀, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì fi ẹsẹ̀ ta agbọ̀n náà dànù. Àwa tí a wà níhìn-ín kò gbọdọ̀ wo ìgò yẹn bí ohun àjèjì. Láti 1940 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1942, abẹ́ ìjọba Vichy kan náà ni Dàhòmì àti Tógò wà. Àṣẹ tí ó ń múlẹ̀ ní Casablanca ni ó ń múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀. Oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù yìí han ní New York gan-an ni ọrùn wa bọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Renault dábàá pé kí òun àti Rick lọ sí Brazzaville, lọ́dọ̀ àwọn Faransé tí kò tẹrí ba. Fíìmù náà kò sọ ẹni tí ó ń ṣe gómìnà àgbà níbẹ̀. Félix Éboué ni, adúláwọ̀ ọmọ Guyane, ẹni tí ó kó ilẹ̀ Chad sẹ́yìn de Gaulle ní 1940, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wọ Panthéon ní Paris ní 1949. Àwọn òyìnbó méjì náà rìn wọnú kùrukùru lọ sí ìlú tí ènìyàn dúdú ń ṣàkóso, Sam sì kù sẹ́yìn nídìí dùùrù. Kò sí àtúnṣe tí ó lè fi èyí kún un. Ohun tí wọn kò yà, ẹ̀rọ kò lè rí i.

Ta ni ìbá yà á? Ní 1934, Pierre Laval, tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé kó lẹ́rú nígbà náà, fi àṣẹ lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ wa láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba. Laval yìí kan náà ni olórí ìjọba Vichy nígbà tí Casablanca jáde. Nígbà tí Paulin Soumanou Vieyra, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1925, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní IDHEC, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ìyọ̀ǹda láti ya fíìmù ní Áfíríkà. Wọ́n yí kámẹ́rà sí ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ya Afrique-sur-Seine ní Paris ní 1955. Dúdú àti funfun ni òun náà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà ń rìn ní òpópónà Paris lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ojú wọn hàn, kámẹ́rà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ẹ wo Casablanca nínú àwo tuntun yìí, bí ẹ bá rí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Ilsa fi pe Sam. Ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣì ń pani lẹ́kún. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá Afrique-sur-Seine, kí ẹ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Irú ìtọ́jú tí wọ́n fún ojú Bergman, tí ojú Sam sì jẹ nínú rẹ̀, ni ó tọ́ sí ojú àwọn tí Vieyra yà. Bí a kò bá béèrè rẹ̀ fún wọn, kò sí ẹni tí yóò bá wa béèrè rẹ̀.